Igi ápù mi ti dé, mítà mélòó ni kí n fi sí àárín wọn?

Àbẹ̀kẹ́Oko:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kíákíá ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, torí igi ti dé. Mo gbẹ́ kòtò gbọọrọ kan sábẹ́ òjìji, mo tẹ́ wọn sí i, mo fi yẹ̀pẹ̀ tútù bo gbòǹgbò wọn, àmọ́ wọn ò lè pẹ́ níbẹ̀. Igi ápù 400 ni. Ilẹ̀ tí mo ní ò ju ìdajì hẹ́kítà lọ, 100 mítà ní òró, 50 mítà ní ìbú. Mo ti wo fídíò lóríṣiríṣi nípa àwọn oko ìgbàlódé tí wọ́n ń gbin ápù súnmọ́ra bí ọgbà, mítà kan péré ni igi sí igi, ọdún kejì ìkẹta wọ́n ti ń ká èso, ó sì wọ̀ mí lójú gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, mítà kan igi sí igi, mítà 3 ìlà sí ìlà, ilẹ̀ tó bá kù màá ra igi sí i màá fi dí i. Ọkọ mi ní rárá o, pé oko tí òun bá bàbá òun ṣe, mítà 8 ni wọ́n máa ń fi sí àárín igi ápù, àti pé tí mo bá gbìn ín bẹ́ẹ̀ ààké la máa fi yọ ọ́ tó bá yá. A ti ra okùn, a ti gé èèkàn, a kàn ń wo ara wa lójú ni. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

OníwáyàGígùn:
Mítà kan dáa. Tèmi nìyí lọ́dún keje, mítà 1 igi sí igi, 3.5 ìlà sí ìlà, tó já sí igi 2,857 lórí hẹ́kítà kan. Èso ń wá, àwọ̀ rẹ̀ pupa dáadáa, mi ò gun àkàbà. Ẹ bá mi kí bàbá wa nílé, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

ỌmọOnínọ́sìrì:
Ẹ dúró ná o. Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, ẹ má bínú, ẹ ò tíì bi wọ́n ní ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi wọ́n. Orí igi ìdí wo ni wọ́n lọ́ ápù yẹn sí?

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, igi ápù tí à ń rà ní nọ́sìrì, igi méjì tí wọ́n so pọ̀ di ọ̀kan ni. Òkè ni ápù tí ẹ fẹ́ jẹ, Gala ni o, Fuji ni o. Ìsàlẹ̀ ni rootstock, igi ìdí tí wọ́n lọ́ ọ sí, ìyẹn ló sì máa sọ bí igi yẹn ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe fídíò, kì í sì í ṣe okùn ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé orí igi tó hù látinú kóró ni wọ́n lọ́ ọ sí, ó lè ga ju mítà 8 lọ, ohun tí bàbá wa nílé mọ̀ nìyẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Tó bá jẹ́ igi ìdí tí wọ́n ń pè ní M.9, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 3 lọ, òun ni ẹ máa ń rí nínú àwọn fídíò yẹn. M.26 ju M.9 lọ díẹ̀. MM.106 máa dé bíi mítà 4, MM.111 tún tóbi ju ìyẹn lọ. East Malling ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ M yẹn ti wá. Àwọn Geneva tí wọ́n ń kọ G sí lára, bíi G.11 àti G.41, ti wá láti New York ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì yẹn súnmọ́ M.9 ní títóbi, wọ́n sì le sí fire blight, àrùn tó ń sọ orí ẹ̀ka di dúdú bí ohun tí iná rà, èyí tí M.9 ò lè gbà mọ́ra rárá.

Torí náà ẹ lọ síbi kòtò yẹn, ẹ ka páálí tí wọ́n so mọ́ ọrùn igi, ẹ wá sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wa. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kan èèkàn kankan mọ́lẹ̀.

Títíladé77:
Ẹ fetí sí ohun tí ỌmọOnínọ́sìrì sọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rìn ín rí.

MM.106 ni mo gbìn, mítà 1.2 igi sí igi, torí ẹni tó tà á fún mi ní ó kéré, ó ní igi tí kì í ga ni. Ọdún kìíní, ó rẹwà. Ọdún kejì, ó rẹwà. Ọdún kẹta, ẹ̀ka ti kan ẹ̀ka. Ọdún kẹrin wọ́n ti wọnú ara wọn, tí mo bá fẹ́ rìn kọjá láàárín ìlà, ẹ̀ka á máa nà mí lójú. Lọ́dún kẹfà ni mo kúnlẹ̀ sábẹ́ igi kan lọ́sàn-án gangan, mo gbójú sókè, mi ò rí ojú ọ̀run. Ápù tó wà lókè pupa, ó dùn. Èyí tó wà níbi àyà mi tutù yọ̀yọ̀, ó kéré, kò ládùn, ìsàlẹ̀ pátápátá kò tiẹ̀ so nǹkan kan mọ́. Mo fín oògùn fín oògùn, kò wọlé, ewé àárín kún fún àmì dúdú-dúdú torí ìrì kì í tètè gbẹ níbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀ka. Bí mo ṣe ń gé e ló ń bínú, ẹ̀ka kan tí mo bá gé, mẹ́rin á yọ, gbogbo wọn á sì nà tààrà sókè láìso. Nígbà tó yá mo fi ẹ̀rọ agégi yọ igi kan láàárín méjì-méjì. Àwọn tó kù ò ní ẹ̀ka ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹnìkejì wọn wà tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kún. Ó dùn mí gan-an, igi tó ti ń so ni mo ń gé lulẹ̀ yẹn.

Igi kékeré ni mítà kan wà fún. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi gígé sọ igi ńlá di kékeré.

AkínIlẹ̀Yanrìn:
Mi ò fara mọ́ ọn tán o, ẹ̀gbọ́n Títíladé. MM.106 ni tèmi náà, mítà 2 ni igi sí igi, 4.5 ìlà sí ìlà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kò sí ìkankan tó wọnú ara wọn. Ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ilẹ̀ mi yanrìn ni, igi kì í sáré níbẹ̀. Mo sì tún so wọ́n mọ́ wáyà, mo tẹ gbogbo ẹ̀ka wálẹ̀ láti ọdún kìíní, torí ẹ̀ka tó bá dọ̀bálẹ̀ èso ló máa ń rò, èyí tó bá nàró ewé ló ń rò. Nígbà tó bá ti ń so, èso yẹn fúnra rẹ̀ á dá igi dúró.

ỌmọOnínọ́sìrì:
Bọ̀dá Akín, ẹ jọ̀ọ́ ápù wo lẹ lọ́ sórí rẹ̀?

AkínIlẹ̀Yanrìn:
Red Delicious, oríṣi spur yẹn, tí ìdí èso ẹ̀ súnmọ́ra, tí kì í yọ ẹ̀ka gígùn.

ỌmọOnínọ́sìrì:
Ibẹ̀ gan-an ni. Spur fúnra rẹ̀ kéré ju ti gidi lọ, ilẹ̀ yín yanrìn, ẹ tún tẹ ẹ̀ka. Nǹkan mẹ́ta ló ń bá yín dá igi yẹn dúró. Ẹni tó bá gbin ápù tó lágbára bíi Fuji tàbí Jonagold sórí MM.106 ní ilẹ̀ ọlọ́ràá ní mítà 2, wàhálà ẹ̀gbọ́n Títíladé ló máa kàn án. Ẹ ò jẹ̀bi, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé ó wà fún gbogbo èèyàn. Ohun mẹ́ta ni kéèyàn rò papọ̀ kó tó mú okùn: igi ìdí, ápù òkè, agbára ilẹ̀. Tí méjì bá lágbára nínú wọn, ẹ fẹ àárín. Tí méjì bá rọ̀, ẹ lè sún un.

AkínIlẹ̀Yanrìn:
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé.

Àbẹ̀kẹ́Oko:
Ẹ kú àdúrótì o. A ti lọ ka páálí, èmi àti ọkọ mi, a fi iná fóònù wò ó torí ilẹ̀ ti ṣú. Oríṣi méjì ni! 150 jẹ́ Gala lórí M.9. 250 tó kù jẹ́ MM.106, Fuji 125, Granny Smith 125. Mi ò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀, mo rò pé ápù ni ápù. Ilẹ̀ wa dáa, kì í ṣe yanrìn, koríko tó ń hù níbẹ̀ máa ń dé orúnkún mi. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n méjì ni màá lò nínú oko kan?

Títíladé77:
Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀n méjì. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ sórí ìlà kan láéláé, MM.106 á bo M.9 mọ́lẹ̀.

OníwáyàGígùn:
Ẹ má bínú sí mi, M.9 ni tèmi, mo rò pé ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀ torí pé ẹ mẹ́nu ba fídíò. ỌmọOnínọ́sìrì ti tún un ṣe, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti M.9 tí mo mọ̀. Láti 0.9 dé 1.2 ni wọ́n sábà máa ń fi sí igi sí igi, 3 dé 3.6 ìlà sí ìlà. Pẹ̀lú ilẹ̀ tiyín tó lọ́ràá, 1.2 ni màá mú. Gbòǹgbò M.9 kò lágbára, ó máa ń kán, kò lè dá igi gbé nígbà tí èso bá kún orí rẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ní òpó àti wáyà, kì í ṣe fún ọdún méjì o, títí ayé igi yẹn ni. Tèmi jẹ́ òpó kan ní mítà 10 sí 10, wáyà 4, èyí tó ga jù wà ní mítà 2.5. Kí wáyà wà níbẹ̀ kí ọdún kìíní tó parí. Mo fi tèmi falẹ̀ títí dìgbà tí ìjì kan wá, igi mọ́kànlá ló fi ara lélẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ má gé orí igi àárín lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Ẹ kàn yọ ẹ̀ka tó bá nípọn ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìdí igi níbi tó ti yọ. Tó bá ti dàgbà, lọ́dọọdún ẹ máa yọ ẹ̀ka kan tàbí méjì tó tóbi jù, ẹ gé e súnmọ́ ara igi ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ojú ibi tí ẹ gé gùn ju òkè rẹ̀ lọ díẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun tí kò lágbára jù á ti yọ, á sì dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa dúró ní mítà 1.2 nìyẹn láìsí ìjà, torí ẹ̀ka ò ní dàgbà débi tó máa di igi kejì. Ẹ má máa gé ẹ̀ka kúrú-kúrú látòkè bí ẹni gé irun, ìyẹn ló ń mú un bínú.

Olùgbìn_Sísún:
Tí M.9 bá wà níbẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò lọ sí ìdajì mítà? 0.5 igi sí igi, mítà 3 ìlà sí ìlà, igi 6,667 lórí hẹ́kítà. Èso á tètè pọ̀.

ỌmọOnínọ́sìrì:
Á tètè pọ̀ lóòótọ́, ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Igi púpọ̀, ewé púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí wọ́n ń gbà kíákíá. Àmọ́ nígbà tí oko bá ti kún, ìmọ́lẹ̀ tí ilẹ̀ kan gbà ò ju ìmọ́lẹ̀ lọ, igi 3,000 lè gbà á tán bíi ti 6,000. Owó igi ni ẹ máa san ní ìlọ́po méjì, èso ò ní di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni Gala wọn ní 150 péré, ilẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, igi ò pọ̀. Kí ni wọ́n ń sún un fún?

Olùgbìn_Sísún:
Mo ti gbọ́. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré ni mo ń rò.

Kúnlé_Katakata:
Gbogbo yín ń sọ igi sí igi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìlà sí ìlà, torí ibẹ̀ ni kò ṣeé tún ṣe mọ́. Igi tó bá súnmọ́ra jù, ẹ lè yọ ọ̀kan kúrò bí ẹ̀gbọ́n Títí ṣe ṣe. Ìlà tó bá há, kí lẹ fẹ́ yọ?

Ẹ wọn katakata yín àti ẹ̀rọ tó ń fín oògùn, èyí tó bá fẹ̀ jù nínú méjèèjì. Ká ní 1.5. Ẹ̀ka M.9 á jáde sí àárín ìlà bíi mítà 0.6 sí 0.7 lápá kọ̀ọ̀kan. Tí ìlà sí ìlà bá jẹ́ 3.5, ẹ yọ 1.3 kúrò, ó ku 2.2, ẹ ti kọjá láìgbọn èso dànù. MM.106, ẹ̀ka rẹ̀ á jáde tó mítà 1.5 lápá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mítà 5 ìlà sí ìlà ni, ó ku 2. Mítà 4 tí àwọn kan ń lò fún un, ẹ ó máa fi ara katakata ká èso ni.

Ohun kejì, gíga. Igi ò gbọdọ̀ ga ju bí àárín ìlà ṣe fẹ̀ lọ, kó tiẹ̀ dín díẹ̀. Mo rí oko kan tí ìlà wọn jẹ́ 2.5, wọ́n jẹ́ kí igi dé 3.5 torí wọ́n fẹ́ èso púpọ̀. Mítà kan ìsàlẹ̀ igi wọn, igi gbígbẹ. Òjìji ìlà kan ló ń bọ́ sórí ìlà kejì. Ewé tó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ò tó ìdá 30 nínú 100, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ níbẹ̀, àwọ̀ èso náà kì í dé.

Ẹ jẹ́ kí ìlà lọ láti àríwá sí gúúsù tí ilẹ̀ bá gbà, kí ẹ̀gbẹ́ kan rí oòrùn àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì rí ti ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ sì fi mítà 6 sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì ìlà kọ̀ọ̀kan kí katakata lè yí. Àwọn èèyàn máa ń gbìn dé etí ilẹ̀ gan-an, wọ́n á wá máa tún un tù.

Àbẹ̀kẹ́Oko:
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, Ọlọ́run á bù kún yín, a ò tiẹ̀ ro ibi tí katakata á ti yí rárá. Òró ilẹ̀ wa lọ láti àríwá sí gúúsù, a ṣe orí ire.

Ẹ wo ohun tí a ṣírò lórí tábìlì lálẹ́ àná. Òró 100, a yọ 6 lápá méjèèjì, ó ku 88. M.9 ní 1.2, igi 74 lórí ìlà kan, ìlà méjì ló gba 148. Ó ku Gala méjì, a ó fi pamọ́ fún èyí tó bá kú. MM.106 ní mítà 3, igi 30 lórí ìlà kan, ìlà 8, ìyẹn 240, ó ku mẹ́wàá. Ìbú: àárín ìlà MM.106 jẹ́ méje ní mítà 5, 35. Àárín ìlà M.9 méjèèjì, 3.5. Láàárín M.9 àti MM.106, a fi 5 síbẹ̀ kí òjìji má baà bo Gala. Gbogbo ẹ̀ 43.5, ó ku 6.5, a pín in sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó wọlé! Mi ò ní ra igi kankan kún un mọ́. Ọkọ mi ní mítà 3 ṣì kéré lójú òun, àmọ́ ó ti gbà.

Títíladé77:
Ẹ sọ fún wọn pé ó tó. Fuji yẹn lágbára, ẹ máa tẹ ẹ̀ka rẹ̀ láti kékeré, ẹ má fi ajílẹ̀ tó ń mú ewé gbòòrò kún un ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ẹ tún ṣọ́ ibi tí omi bá ti ń dúró, ìdí MM.106 máa ń jẹrà níbẹ̀. Tí ibì kan bá rẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ yín, ẹ kó ebè sókè kí ẹ tó gbìn.

ỌmọOnínọ́sìrì:
Ìṣirò yín dáa gan-an, inú mi dùn. Nǹkan méjì péré.

Ẹ má to Fuji ìlà mẹ́rin pọ̀ kí ẹ wá to Granny Smith mẹ́rin tẹ̀lé e. Ápù kì í fi bẹ́ẹ̀ so fúnra rẹ̀, òdòdó oríṣi mìíràn ló nílò, oyin ló sì ń gbé e kiri, oyin kì í sì fẹ́ fò kọjá ìlà púpọ̀. Méjì Fuji, méjì Granny, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe lọ.

Èkejì, ojú ìlọ́, ibi tó wú bí orúnkún nítòsí ìsàlẹ̀ igi yẹn. Ó gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀, bíi 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, lẹ́yìn tí yẹ̀pẹ̀ bá ti rọlẹ̀ tán o, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Tí ẹ bá bò ó, Gala á ta gbòǹgbò tirẹ̀, á bọ́ lọ́wọ́ M.9, gbogbo 1.2 tí ẹ wọ̀n yẹn á di asán torí igi ńlá ló máa dà. Mo ti rí i nínú ìlà kan tó dọ́gba, igi mẹ́ta ga ju àwọn yòókù lọ bí ilé alájà, a walẹ̀, a bá ojú ìlọ́ wọn nínú yẹ̀pẹ̀.

Kúnlé_Katakata:
Àti igun. Kí ẹ tó gbẹ́ ihò, ẹ wọn mítà 3 lójú okùn kan láti igun, 4 lójú okùn kejì, ẹ wá wọn láti èèkàn sí èèkàn. 5 gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí kò bá jẹ́ 5, igun yín wọ́, ìlà tó bá sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́ lókè, títí dé ìsàlẹ̀ á ti jẹ mítà mélòó kan nínú àárín ìlà.

Àbẹ̀kẹ́Oko:
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, a wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, 5.2 la bá! Ọkọ mi ló di okùn mú, èmi ń sún èèkàn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la tún un ṣe kó tó di 5. Gbogbo èèkàn ìlà mẹ́wàá ti wà nílẹ̀ báyìí, mo so rìbọ́n pupa mọ́ ti M.9 kí àwọn tó ń bá wa gbìn má baà ṣì í. Ilẹ̀ á mọ́ lọ́la, Gala la ó kọ́kọ́ gbìn.